Ìbéèrè tí kì í tán nípa Googoosh, olórin Ìránì tó ń gbé ìlú òkèèrè

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orin Googoosh, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń béèrè. A ti kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó lọ́jú pọ̀.

Ta ni Googoosh?

Obìnrin olórin ni, ọmọ Tehran, olú ìlú Ìránì. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1950 ni wọ́n bí i. Láàárín 1970 sí 1979, ó ṣòro kí ẹ tó rí olórin mìíràn tí òkìkí rẹ̀ kàn tó tirẹ̀ ní Ìránì, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ń kọrin, ó ń ṣe fíìmù, ojú rẹ̀ kì í wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìjọba wá yí padà ní 1979, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́ fún ọdún 21. Ní 2000 ló jáde kúrò nílùú rẹ̀. Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, ló fìdí kalẹ̀ sí.

Ṣé Googoosh ni orúkọ àbísọ rẹ̀?

Faegheh Atashin ló wà nínú ìwé ìjọba. Googoosh ni wọ́n ń pè é nílé láti kékeré, orúkọ tí àwọn ará Armenia ń jẹ́ ni, òun náà ló sì gbé gun orí ìtàgé.

Ẹ má ṣì í mú fún "Googoosha" o. Gulnara Karimova, ọmọ ààrẹ Uzbekistan nígbà kan rí, ló ń fi ìyẹn kọrin. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá.

Èdè wo ló fi ń kọrin? Ṣé Lárúbáwá ni?

Rárá o. Èdè Páṣíà ni, èyí tí àwọn onílé ń pè ní Farsi. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Ẹni tó lọ ilé kéwú dáadáa lè máa he ọ̀rọ̀ kan níbí, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò ní í gbọ́ odindi gbólóhùn.

Ìdílé rẹ̀ gan-an tan mọ́ ẹ̀yà Azerbaijan, tí èdè wọn sún mọ́ ti àwọn ará Tọ́kì. Ó kọ "Ayrılıq", orin ìpínyà kan tó gbajúmọ̀ láàárín wọn, ní èdè náà. Ó tún ti kọrin ní èdè Faransé, Itálì, Gẹ̀ẹ́sì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1971 ó gbé orin èdè Faransé lọ sí ọjà orin tí wọ́n ń ná ní Cannes, ní Faransé.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ orin?

Bàbá rẹ̀, Saber Atashin, eléré ni. Òkìtì ló ń ta, ó sì ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní àwọn ilé fàájì Tehran. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, ọ̀dọ̀ bàbá ló sì wà, nítorí náà ibi tí bàbá bá ti ń ṣeré lòun náà wà. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ti ń sín àwọn olórin tó lókìkí jẹ lójú èrò, àwọn ènìyàn sì ń náwó fún un.

Kò pẹ́ tó fi di pé ọmọ ló ń bọ́ ilé. Kó tó pé ọmọ ọdún 11 ó ti wà nínú fíìmù. Àwọn tó bá ń sọ pé "ó ní oríire, ó tètè rí ṣe" kì í sábà ro apá yìí mọ́ ọn: alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, láàárín àgbàlagbà tó ń mutí, ọmọ tó yẹ kó ti sùn.

Kí ló wà nínú orin rẹ̀ tí wọ́n fi ń pariwo tó bẹ́ẹ̀?

Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohùn nìkan kọ́. Ó bọ́ sí àkókò tí àwọn akéwì ọ̀dọ́ mẹ́ta, Iraj Jannati Ataie, Shahyar Ghanbari àti Ardalan Sarfaraz, gba iṣẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ orin mọ́ àwọn tó ń kọ "olólùfẹ́ mi, ojú rẹ dára" lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé orin kalẹ̀ fún un náà kì í ṣe kékeré. Varoujan, ọmọ Ìránì tó jẹ́ ẹ̀yà Armenia, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀wọ́ fayolíìnì wọlé bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1977 ló kú, kò tíì dàgbà, ó sì hàn nínú orin Ìránì pé ẹnìkan ti lọ.

Ẹ mú "Do Panjereh" gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Sarfaraz ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Hassan Shamaizadeh ló fún un lóhùn. Fèrèsé méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n há sínú ògiri òkúta kan náà. Wọ́n ń rí ara wọn, wọn kò lè kan ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè máa retí ni kí ògiri wó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ògiri bá wó, àwọn náà kò ní í sí mọ́. Ẹ fetí sí bí Googoosh ṣe kọ ọ́: kò sunkún, kò gbé ohùn sókè níbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ìgbà tí orin bá ń lọ sópin ni ohùn náà tó ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin tó ti tún un kọ ni ẹkún ń gbà lọ́wọ́ wọn láti ìlà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bà á jẹ́.

Orin wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

"Do Panjereh", lẹ́yìn náà "Pol", tó dá lórí afárá. Bí ijó lẹ bá fẹ́, ẹ lọ sí "Man Amadeh-am". Tí ẹ bá ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò sì dùn mọ́ yín nínú, ẹ má fipá mú ara yín.

Wọ́n ní àwọn obìnrin máa ń gé irun bíi tirẹ̀. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Nígbà tó gé irun rẹ̀ kúrú bíi ti ọkùnrin, àwọn obìnrin ń wọ ilé onígẹ̀rí ní Tehran, wọ́n á ní kí wọ́n gé tàwọn ní "Googooshi". Aṣọ tó bá wọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ àná, àwọn aránṣọ ti ń gé irú rẹ̀.

Ọkọ mélòó ló ti fẹ́?

Mẹ́rin ni gbogbo ayé mọ̀: Mahmoud Ghorbani tó ni ilé fàájì, tó bímọ ọkùnrin kan fún, Behrouz Vossoughi, òṣèré tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà, Homayoun Mesdaghi, àti Masoud Kimiai, olùdarí fíìmù. Ohun tó ń pa àwọn ará Ìránì lẹ́rìn-ín ni pé Kimiai, ọkọ kẹrin, ló darí "Qeysar" ní 1969, fíìmù tó sọ Vossoughi, ọkọ kejì, di ìràwọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i ní 1979?

Ìṣọ̀tẹ̀ tó lé Ṣáà, ọba Ìránì, kúrò lórí oyè bá a ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ eléré tó wà lókè òkun nígbà náà jókòó síbi tí wọ́n wà, àwọn tó wà nílé sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Òun wá padà sílé ní ọdún yẹn gan-an.

Wọ́n mú un. Ó lo bí oṣù kan ní àtìmọ́lé, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ kọrin mọ́. Ayatollah Khomeini, olórí ìṣọ̀tẹ̀ náà, ti fi orin wé ọ̀píọ́mù, oògùn olóró, ní gbangba ní ọdún náà, wọ́n sì ti ń yọ orin kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù rẹ̀ náà wọ àpótí.

Kí ló wá ń ṣe fún ọdún 21 yẹn?

Ó ń gbé Tehran. Ó ń dáná, ó ń kàwé, ó ń rí ọ̀rẹ́ díẹ̀. Kò gbé àwo orin jáde, kò gun ìtàgé, ìwé ìròyìn kò gbọdọ̀ gbé àwòrán rẹ̀. Ogun Ìránì àti Iraq bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ó parí ní 1988, ó bá a níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n mú un ti wọ yunifásítì kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ló gbé e rìn. Wọ́n á da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sórí òmíràn, wọ́n á tún da ìyẹn kọ sórí ẹ̀kẹta, títí ohùn fi máa dà bíi pé ó ń ti inú àmù jáde wá, wọn ò sì ní í jù ú nù. Àwọn ọlọ́pàá ìṣọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Komiteh máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, wọ́n á tú àpótí iwájú ọkọ̀, wọ́n á mú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rí. Nítorí náà awakọ̀ tó bá gbọ́n máa ń mọ ibi tí yóò fi tirẹ̀ sí.

Èrò tèmi ni pé 1979 ni ìgbèkùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 2000. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sá lọ sí Amẹ́ríkà pàdánù ìlú, wọ́n sì ń kọrin lọ. Òun ní ìlú, kò ní ohùn. Nígbà tí ẹ bá ń ka àkọlé tó ń pè é ní "olórin tó sá kúrò nílé", ẹ rántí pé òun ló pẹ́ nílé jù nínú gbogbo wọn.

Ṣé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló ní kí obìnrin má kọrin?

Òfin Ìránì ni, bí àwọn àlùfáà Ṣíà tó ń ṣèjọba níbẹ̀ ṣe túmọ̀ ẹ̀sìn. Obìnrin lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tàbí kó dá kọrin fún àwọn obìnrin nìkan. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí obìnrin dá kọrin níbi tí ọkùnrin wà.

Umm Kulthum kọrin ní Íjíbítì títí ó fi darúgbó, ó sì mọ Kùránì lórí. Àwa náà mọ oníwákà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ti Ìránì ṣe òdiwọ̀n gbogbo Mùsùlùmí.

Báwo ló ṣe rí ọ̀nà jáde ní 2000?

Mohammad Khatami di ààrẹ Ìránì ní 1997, ó sì dẹ okùn díẹ̀. Láyé rẹ̀ ni Googoosh gba pásípọ́ọ̀tù, tó sì kọjá sí Kánádà pẹ̀lú Kimiai, ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Keje ọdún 2000, ó gun ìtàgé ní Air Canada Centre ní Toronto, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 21. Ó lé ní ẹgbàárùn-ún ènìyàn tó wá, àwọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà sì wà lára wọn.

Ẹ fojú inú wo irú èrò tó kún ibẹ̀. Ìyá tó gé irun Googooshi rí, ti di àádọ́ta ọdún. Ọmọ tó bí sí Kánádà tí kò gbọ́ Farsi dáadáa jókòó tì í, kò tíì rí olórin náà rí àfi nínú fídíò àtijọ́. Obìnrin tó jáde sórí ìtàgé náà kò jọ ti inú fídíò mọ́, ó ti pé 50. Láti ibẹ̀ ló ti yí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ká, ó sì dé Dubai, níbi tí àwọn ará Ìránì tó ń gbé ilé ti lè wá wò ó láìsí wàhálà físà púpọ̀.

Kí ni "Tehrangeles"?

Orúkọ àwàdà ni wọ́n fún apá ibi tí àwọn ará Ìránì pọ̀ sí ní Los Angeles, pàápàá Westwood. Lẹ́yìn 1979, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ orin Páṣíà ṣí lọ: ilé tó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, ilé tẹlifíṣọ̀n, olórin. Dariush, Ebi, Moein, Leila Forouhar, gbogbo wọn ló ti ibẹ̀ kọrin sílé.

Hayedeh, tí ohùn rẹ̀ lágbára ju ti Googoosh lọ tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, kò tún fojú kan Ìránì mọ́. Ó kú ní California ní oṣù Kìíní ọdún 1990, Westwood náà ni wọ́n sin ín sí. Mahasti, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ olórin bíi tirẹ̀, kú ní 2007, wọ́n sì sin òun náà síbẹ̀.

Ṣé orin tó kọ lẹ́yìn 2000 dára tó ti àtijọ́?

Rárá, bí ó ṣe rí létí mi nìyẹn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an kò sì bínú sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. "Zoroaster" (2000) ṣì ní ìwúwo ẹni tó ti dákẹ́ pẹ́. "Hajme Sabz" (2010) àti "Ejaz" (2012) ní orin tó dára nínú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló wà níbi tí Varoujan ń kó fayolíìnì sí. Ohùn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú, ó rọ̀, ó ní ìyanrìn díẹ̀ nínú, èmi fẹ́ràn ìyẹn.

Kí ni ìdíje orin tó ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà kan?

"Googoosh Music Academy" ni. Manoto, ilé tẹlifíṣọ̀n èdè Páṣíà kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Googoosh, Hooman Khalatbari àti Babak Saeedi ni adájọ́. Àwọn tó wà nínú Ìránì ń wò ó láti orí àwo sátẹ́láìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti ka àwo náà léèwọ̀ láti àárín àwọn ọdún 1990, tí àwọn ọlọ́pàá sì máa ń gun òrùlé lọ tú u.

Èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ti 2013. Ermia, obìnrin kan tó ń gbé Jámánì, bo orí rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn òǹwòran sì dìbò fún un títí ó fi gbégbá orókè. Àwọn tó ń tẹ̀lé ìjọba ní báwo ni ẹni tó wọ híjáàbù ṣe máa kọrin lójú ọkùnrin. Àwọn alátakò ìjọba ní kí ló dé tí ẹni tó wà ní ìlú òmìnira ṣì ń bo orí. Ẹgbẹ́ méjèèjì bínú sí obìnrin kan náà. Èmi kò rí ohun mìíràn tó fi wàhálà Ìránì hàn kedere tó ìyẹn.

Kí ni fídíò "Behesht" tó fa ìjà?

Ọjọ́ olólùfẹ́, 14 oṣù Kejì ọdún 2014, ni ó gbé e jáde. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ní olólùfẹ́, bàbá rẹ̀ àti àwọn tó yí wọn ká kò gbà fún wọn. Ìgbà tí fídíò ń parí lọ lẹ tó máa rí olólùfẹ́ náà: obìnrin ni. Irú rẹ̀ lè dá ẹ̀mí légbodò ní Ìránì. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan ní ó ti já àwọn kulẹ̀. Kò yọ fídíò náà kúrò.

Ṣé olórin ààfin Ṣáà ni?

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ní 1979 kò jìnnà sí ìyẹn. Òótọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáà ló gbé e ga, ó sì kọrin níbi àríyá àwọn ọba. Kò sí olórin ńlá kan nígbà náà tó lè ní òun kò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó yí i ká. Iraj Jannati Ataie, tó kọ ọ̀rọ̀ orin fún un, wọ ẹ̀wọ̀n lábẹ́ Ṣáà. Àwọn ènìyàn máa ń wá ìṣèlú nínú orin ìgbà náà: ògiri inú "Do Panjereh", àwọn kan ní ògiri ilé ẹ̀wọ̀n ni. Kò pọn dandan kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní orin fàájì lásán ni wọ́n, kò tíì fetí sí i.

Nígbà tí Mahsa Amini, ọ̀dọ́bìnrin tí àwọn ọlọ́pàá mú lórí ọ̀rọ̀ ìbòrí, kú ní àtìmọ́lé wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tí àwọn obìnrin sì tú sí ìgboro, Googoosh sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀yìn wọn lòun wà.

Ṣé ó lè padà sílé báyìí?

Ẹ jẹ́ ká wo ti Habib, onígìtá tó fi Los Angeles sílẹ̀ padà sí Ìránì ní 2009. Ọkùnrin ni, òfin ohùn obìnrin kò kàn án. Síbẹ̀ wọn kò fún un ní ìwé àṣẹ, kò kọrin ní gbangba títí ó fi kú ní 2016. Ti obìnrin wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Parastoo Ahmadi kọrin láìbo orí nínú ilé èrò àtijọ́ kan, kò sí òǹwòran kankan níwájú rẹ̀, ó kàn gbé e sórí YouTube. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti mú un, kí wọ́n tó tún fi í sílẹ̀.

Òkè òkun náà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi ìsádi. Fereydoun Farrokhzad, olórin àti olóòtú ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń bú ìjọba náà láti ìtàgé dé ìtàgé, wọ́n gún un lọ́bẹ pa nílé rẹ̀ ní Bonn, ní Jámánì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992.

Owó orin àtijọ́ rẹ̀, ta ló ń gbà á?

Ẹni tó bá ní téèpù lọ́wọ́ ló ń tà á, látìgbà náà. Ìránì kò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Berne tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti olórin káàkiri àgbáyé, kò sì sí àdéhùn irú rẹ̀ láàárín òun àti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Tehran ní 1974, tí ẹnìkan sì tẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì ní Los Angeles ní 1984, olórin kò ní ẹsẹ̀ tó lágbára nílé ẹjọ́ láti fi bi í. Akéwì tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní. Varoujan ti kú.

Tí ẹ bá wá fẹ́ kí owó dé ọwọ́ rẹ̀, ojú òpó tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, tàbí kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dúró pẹ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì: ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ó ti kéde ìrìn-àjò orin ìdágbére.